Ibojì Olóbíríkì, Itẹ́ Òkú Saint Louis Kìíní
Bíríkì, ẹfun àti òkúta mábù. New Orleans, Louisiana, Amẹ́ríkà, láti 1789

Abẹ́ ìjọba Sípéènì ni ìlú náà wà nígbà tí wọ́n ṣí itẹ́ òkú yìí, nítorí èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ti kún.

Ẹ wo ara ibojì náà dáadáa: bíríkì tí wọ́n rẹ́, tí wọ́n sì kùn lẹ́fun. Bí oòrùn bá mú un, inú rẹ̀ a gbóná bí ààrò. Tí òkú bá ti lo ọdún kan ó lé ọjọ́ kan, wọn á ṣí i, wọn á kó pósí kúrò, wọn á ti egungun sẹ́yìn kó bọ́ sí ihò ìsàlẹ̀. Àyè ti ṣí fún ará ilé mìíràn nìyẹn.

Homer Plessy tó ń ṣe bàtà wà níbí. Ní 1892 ó jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ funfun, wọ́n sì mú un. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ náà lòdì sí i ní 1896. Ọdún 2022 ni gómìnà Louisiana ṣẹ̀ṣẹ̀ dárí jì í, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀!

Marie Laveau, Àgùdà tó tún jẹ́ olórí àwọn onívoodoo, ló ń pe èrò jù. Tẹ́lẹ̀, àlejò máa ń fa X mẹ́ta sára ibojì tí wọ́n ní wọ́n sin ín sí, láti fi tọrọ nǹkan. Ní 2013 ẹnìkan fi ọ̀dà píǹkì kùn ún. Láti 2015, àlejò kò gbọdọ̀ dá wọlé láìsí afinimọ̀nà, àfi ẹni tí ẹbí rẹ̀ ní ibojì níbẹ̀.