Tíì Èso Gbígbẹ Nínú Ìmọ̀ Oúnjẹ àti Ìlera Àwọn Ará Ṣáínà

1. Ìfáárà

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. N kì í ṣe oníṣègùn. Inú ìwé ni mo ti bá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí pàdé. Nínú ìtàn-àròsọ ńlá tí Cao Xueqin kọ, tí a kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1791, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Baoyu jí lójú àlá, ọkàn rẹ̀ sì dàrú. Àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ yára gbé omi èso longan tí a sè fún un. Ó mu ún lẹ́ẹ̀mejì, ó dìde, ó tún aṣọ ara rẹ̀ ṣe. Òǹkọ̀wé kò ṣàlàyé kankan, nítorí òǹkàwé ayé ìgbà náà mọ̀ pé longan jẹ́ èso tí wọ́n gbà pé ó ń fún ọkàn lókun, tí ó sì ń mú un balẹ̀. Àlàyé tí òǹkọ̀wé fò yẹn ni mo fẹ́ ṣe lónìí, kí n sì fi bí a ṣe lè ṣe irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ nílé kún un.

2. Ọ̀rọ̀ náà "tíì"

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a yanjú orúkọ. Ewé igi kan ṣoṣo ni tíì gan-an. Te ni wọ́n ń pè é ní etíkun Fujian ní Ṣáínà. Àwọn ará Họ́láǹdì gbé orúkọ náà dé Yúróòpù, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á, àwa náà sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Cha ni ọ̀pọ̀ àwọn ará Ṣáínà yòókù ń pè é, orúkọ yìí ni ó sì rìn títí tí ó fi di shayi lẹ́nu àwọn Hausa. Ohun mímu tí à ń sọ kò ní ewé yìí nínú, ṣùgbọ́n àwọn ará Ṣáínà náà a máa pe omi èso tí a sè ní cha. Orúkọ kejì tí ó yẹ kí a mọ̀ ni shiliao, èyí tí ó túmọ̀ sí fífi oúnjẹ tọ́jú ara: shi ni oúnjẹ, liao ni ìtọ́jú.

3. Ìpìlẹ̀ èrò náà

Ní nǹkan bí 652, oníṣègùn tí ń jẹ́ Sun Simiao kọ ìwé ńlá kan. Ó ya orí kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún oúnjẹ. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí oníṣègùn kọ́kọ́ wá orísun àìsàn, kí ó fi oúnjẹ tọ́jú rẹ̀. Bí oúnjẹ kò bá ràn án, kí ó wá lo oògùn. Ní 1330, Hu Sihui kọ ìwé nípa oúnjẹ fún ààfin àwọn ọba Mongol tí ń ṣàkóso Ṣáínà nígbà náà. Ìwé Li Shizhen, tí ó parí ní 1578, tí a sì tẹ̀ ní 1596, sọ̀rọ̀ lórí èso púpọ̀.

Nínú èrò àwọn wọ̀nyí, oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀: ó lè gbóná, ó lè lọ́wọ́ọ́wọ́, ó lè wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ó lè tutù díẹ̀, ó sì lè tutù gan-an. Ìgbóná yìí yàtọ̀ sí èyí tí ọwọ́ lè mọ̀. Bí a tilẹ̀ fi omi tútù po ata-ilẹ̀, oúnjẹ tí ó ń mú ara gbóná ni wọ́n kà á sí. Adùn márùn-ún ni ó tún wà: kíkan, kíkorò, dídùn, títa àti iyọ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ wọn ni pé, ta ni yóò mu ún, nígbà wo sì ni? Longan àti ata-ilẹ̀ yẹ ẹni tí òtútù ń mú nígbà ọyẹ́. Ẹni tí ọ̀fun ń ta, tí ẹnu rẹ̀ gbẹ, kò yẹ kí ó mu ún.

4. Gbígbẹ èso

Èso tí ó pọ́n tí kò sì rà ni kí a lò. A ó fọ̀ ọ́, a ó gé e pẹlẹbẹ ní ìwọ̀n mìlímítà 3 sí 5, a ó sì sá a sórí asẹ́ tí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Níbi tí oòrùn bá mú tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ, oòrùn tó. Níbi tí ọ̀rinrin bá pọ̀, ààrò onígáàsì tàbí ti iná mànàmáná ni kí a lò, kí ooru rẹ̀ má ju 60 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí iná bá pọ̀ jù, ara èso yóò le, omi yóò sì há sínú. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ yóò bu. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí a bá rò pé ó ti gbẹ, kí a kó o sínú ìgò onídèérí tí a lè rí inú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí omi bá ń kán sára ìgò láti inú, kí a tún un sá. Èyí tí ó bá ti bu, kí a dà á nù pátápátá.

Àwọn ará Xinhui, ní ìpínlẹ̀ Guangdong, ni ọ̀gá nínú gbígbẹ èèpo ọsàn tanjarín. Wọn a la èèpo náà sí ọ̀nà mẹ́ta tí ìdí rẹ̀ ṣì so pọ̀, wọn a yí inú rẹ̀ síta, wọn a sá a, wọn a sì kó o pamọ́. Chenpi ni orúkọ rẹ̀: chen ni ohun tí ó ti pẹ́, pi ni èèpo. Kì í jẹ́ orúkọ yìí ní Xinhui títí yóò fi pé ọdún 3 ó kéré tán. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é nílé gbọ́dọ̀ wá ọsàn tí a kò fi oògùn kòkòrò tàbí ìda pa lára, nítorí èèpo gan-an ni yóò mu.

5. Sísè é

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ṣe àpẹẹrẹ. Hongzao ni èso pupa gbígbẹ tí ó jọ dàbínò. Ìbátan rẹ̀ gan-an ni magarya àwọn Hausa. Fún ẹni kan, a ó mú hongzao 5, a ó yọ kóró rẹ̀, a ó là á wẹ́wẹ́. A ó fi èèpo ọsàn kékeré kan àti ata-ilẹ̀ pẹlẹbẹ 2 kún un, a ó da mìlílítà 500 omi sí i. Bí ó bá ti hó, kí a dín iná kù, kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ní ìṣẹ́jú 5 tí ó kẹ́yìn ni a ó da síbí kékeré 2 gouqi sí i, àwọn èso wẹ́wẹ́ pupa tí Ningxia lókìkí fún, kí wọ́n má baà rà sómi. A kò ní fi ṣúgà sí i. A ó sì jẹ èso inú rẹ̀.

Shanzha, èso kíkan, ni wọ́n ń sè lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá. Kò yẹ kí ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú mu ún, kò sì yẹ kí ènìyàn mu ún nígbà tí inú bá ṣófo.

6. Ìkìlọ̀

Gbígbẹ a máa gba omi kúrò lára èso, ṣùgbọ́n ṣúgà rẹ̀ kì í lọ. Ẹ̀kúnwọ́ hongzao gbígbẹ lè pa alátọ̀gbẹ lára. Àwọn oníṣègùn sì ti ṣàkọsílẹ̀ àwọn tí ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí tíì gouqi mú kí agbára oògùn náà pọ̀ jù lára wọn. Aboyún àti ẹni tí ń lo oògùn ọkàn gbọ́dọ̀ bi dókítà wọn léèrè.

7. Ìkádìí

Àwọn oníṣòwò kan ti ń kọ orúkọ àrùn sára páálí tíì wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ń wò wọ́n sàn. Wọn a sì máa fi ọgbọ́n àtijọ́ ti Ṣáínà ṣe ẹ̀rí. Ẹ rántí ìmọ̀ràn Sun Simiao: apá méjì ni ó ní. Apá àkọ́kọ́ ni oúnjẹ. Apá kejì ni pé bí oúnjẹ kò bá tó, kí a lọ lo oògùn. Ẹni tí ó bá ń mu tíì tí ó sì jẹ́ kí àìsàn máa jẹ òun níyà ti ka ìdajì gbólóhùn, ó sì ti pa ìwé dé. Ní ẹ̀ka ìmọ̀ tiwa, a mọ ohun tí irú ìkàwé bẹ́ẹ̀ ń fà. Ẹ mu tíì èso yín gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ tí a fara balẹ̀ pèsè, tí ó bá ara àti ìgbà mu. Kí ẹ sì ka gbólóhùn náà dé òpin.