Ìpàdé tí ọ̀gá ò mọ̀ nípa rẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà rẹ̀: bó ṣe ń débẹ̀ àti bí ẹ ṣe lè dá a dúró

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan ṣí fóònù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ló bá rí ìpàdé mẹ́ta tó forí gbárí ní aago mẹ́wàá. Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí ọ̀kan. Ẹ̀ka míì nínú ilé iṣẹ́ ló fi ìkejì síbẹ̀. Ìkẹta ní owó kan ń dúró dè é, kó sáà tẹ lìǹkì tó wà nísàlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá rí irú èyí máa ń rò pé wọ́n ti jí àkáǹtì àwọn wọ̀ ni. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹnikẹ́ni tó bá ti mọ àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì yín lè pè yín sí ìpàdé, kàlẹ́ńdà Google sì lè gbé ìpàdé náà síbẹ̀ fúnra rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka ímeèlì ọ̀hún. Àwọn oníjìbìtì lo àyè yìí dáadáa lọ́dún 2019. Nígbà tó di 2022 ni Google fi ètò kan kún un, pé kìkì ẹni tẹ́ ẹ bá mọ̀ ni ìpè rẹ̀ yóò máa wọlé fúnra rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sí "Settings", lẹ́yìn náà "Event settings", kẹ́ ẹ wá wo ibi tí wọ́n kọ "Add invitations to my calendar" sí. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: kí ti gbogbo èèyàn máa wọlé, kí ti ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ nìkan máa wọlé, tàbí kí ohunkóhun má wọlé àfi tẹ́ ẹ bá dáhùn ímeèlì náà. Fún ọ̀gá tí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ wà lórí káàdì tó ń pín káàkiri, ìkẹta yìí ló dáa jù. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ò ju pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ka ímeèlì náà lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ akọ̀wé nìyẹn. Àmọ́ ẹ má fún akọ̀wé ní páásíwọọ̀dù yín o! Outlook ní ohun tí wọ́n ń pè ní "Delegate Access". Akọ̀wé á wọlé pẹ̀lú àkáǹtì tirẹ̀, ìpè sí ìpàdé á máa lọ bá a, ọ̀gá sì lè ní kí ẹ̀dà rẹ̀ máa wá sọ́dọ̀ òun náà. Ohun tí ọ̀gá bá sàmì sí pé ó jẹ́ àṣírí, akọ̀wé ò ní rí i àfi tí ọ̀gá bá fàyè gbà á.

Ìpè àwọn oníjìbìtì ńkọ́? Ẹ má tẹ "No" sí i. Ìdáhùn yẹn á padà lọ bá ẹni tó fi ránṣẹ́, á sì mọ̀ pé ẹnì kan wà nídìí àdírẹ́ẹ̀sì náà. "Report as spam" ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Lìǹkì inú rẹ̀ ńkọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, torí ojú ewé ayédèrú tó ń jí páásíwọọ̀dù ló sábà máa ń gbé èèyàn lọ.

Ti ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ yàtọ̀. Ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ ọ̀gá láti kọ ìpè ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n á kàn dákẹ́. Ẹni tó pè wọ́n á wá máa retí wọn. Ìlà kan ṣoṣo tó: "Mi ò ní lè wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi àbọ̀ ránṣẹ́ sí mi." Tó bá jẹ́ ìpàdé ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wò ó dáadáa bóyá ti ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan lẹ fẹ́ kọ̀ tàbí gbogbo rẹ̀, nítorí kàlẹ́ńdà á bi yín.

Tẹ́ ẹ bá sì ti kọ ìpàdé kan lórí Google tẹ́ ẹ ṣì ń rí i tí wọ́n fa ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá, kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Ẹ yọ àmì tó wà níwájú "Show declined events" kúrò, kò ní hàn mọ́.