Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọ̀dọ́ Mú Iṣẹ́ Tiwọn Wá

Ní ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà lókè òkun, bákan náà ni ọdún ṣe máa ń parí. Àwọn ọ̀dọ́ á jó, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á wọkọ̀ lọ sílé. Àwọn ìyá tí orúnkún ń dùn ló máa ń kù sídìí ìkòkò tó yẹ ní fífọ̀. Àwọn àgbà á ní ọmọ òde òní kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ tán.

Láyé àtijọ́, ẹgbẹ́ àti ọ̀gbà ló máa ń ṣe àáró: lónìí wọ́n á ro oko Àjàyí, lọ́la wọ́n á ro ti Ògúndélé, títí yóò fi kárí. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé, tàbí tó fẹ́ bá àna rẹ̀ ṣiṣẹ́ oko, ló máa ń bẹ̀ ẹ́, yóò sì se oúnjẹ de àwọn tó wá. Kò sówó nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ọmọ tó lọ sí àáró mọ̀ pé ọjọ́ tòun náà ń bọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé gbàgbé nìyẹn. Wọ́n ń pe ọ̀dọ́ síbi iṣẹ́ ilé, wọn kì í bá wọn dé ìdí iṣẹ́ tiwọn.

Ìtàn mìíràn wà ní Curuzu, ní àdúgbò Liberdade ní ìlú Salvador, Brazil. Ní 1974, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú dá ẹgbẹ́ onílù Ilê Aiyê sílẹ̀ níbẹ̀ láti máa jáde nígbà Carnaval. Ìjọba ológun ló wà lórí àlééfà nígbà náà, nígbà tí wọ́n sì kọ́kọ́ jáde ní 1975, ìwé ìròyìn bú wọn pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni wọ́n. Mãe Hilda Jitolu, ìyálórìṣà Ilê Axé Jitolu, ló dúró tì wọ́n. Vovô, ọmọ rẹ̀, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ìyá kò ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Ó gbà wọ́n sílé òrìṣà, ó sì ń ṣe ètùtù fún wọn kí wọ́n tó jáde, pẹ̀lú gúgúrú Ọbalúayé.

Nínú ilé òrìṣà yẹn kan náà ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò, Escola Mãe Hilda, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1988. Band'Erê tẹ̀ lé e ní 1992, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ ìlù, orin àti ijó. (Àwọn ará Candomblé kò ní béèrè ibi tí orúkọ náà ti wá, erê ni wọ́n ń pe ẹ̀mí ọmọdé.) Àwọn ọ̀dọ́ ló ni èrò, àgbà ló ni ilé àti àṣẹ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Iṣẹ́ kò wọ́n lókè òkun. Ọ̀rá àti ìgò tí àwọn kan ń fi sílẹ̀ létí odò lẹ́yìn ẹbọ ń ba orúkọ olórìṣà jẹ́ lójú aládùúgbò. Ní Rio Vermelho ní Salvador, níbi tí wọ́n ti ń gbé ẹ̀bùn lọ fún Yemọja ní 2 oṣù Kejì, wọ́n ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má fi ike sínú òkun. Ọ̀dọ́ mélòó kan pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti àpò lè tọ́jú etí odò kan láàárọ̀ Sátidé. Àwọn mìíràn lè máa gbé àgbà tí kò gbọ́ èdè ìlú lọ sí ọsibítù, kí wọ́n sì ṣe ògbufọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó ń fi orúkọ òrìṣà kó ọmọ ọlọ́mọ ṣiṣẹ́. Ọmọ tó fọ abọ́ fún ọdún mẹ́ta láìsí ẹni tó sọ ìdí ohunkóhun fún un, yóò sá ni. Bí wọ́n bá rán an pé kó já ewé rinrin wá, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń fi rinrin ṣe.

Àwọn òbí ní Ontario, Kánádà, ní ìdí mìíràn. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ àdúgbò fún wákàtí 40 láìgbowó kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Kí òbí kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà, kí olórí ilé sì máa kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, kó buwọ́ lù ú, kó tó di pé ọmọ náà wá a wá lálẹ́ ọjọ́ tí ìwé náà yẹ kó wọlé.