Oògùn Kan Náà, Ara Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá dé bá ènìyàn, tí oúnjẹ kò wù ú jẹ mọ́, tí kò rí oorun sùn, tí dókítà sì fún un ní oògùn tí ó kọ̀ tí kò ràn án, tàbí tí ó ń fi òòyì àti èébì dá a lágara, àwọn tí ó yí i ká a máa sọ pé kò lo oògùn náà bí ó ti yẹ ni, tàbí pé òun ni kò mú ọkàn le. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí púpọ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí ìmọ̀ ìṣègùn ti fi hàn pé ẹ̀bi lè má jẹ́ ti aláìsàn rárá.

Ní ọdún 1969, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Alexanderson, Price Evans àti Sjöqvist, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ìbejì ní ilẹ̀ Swídìn. Wọ́n fún Ẹ̀jìrẹ́ ọmọ ẹdun wọ̀nyí ní nortriptyline, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kan, ní ìwọ̀n tí ó bá bí olúkúlùkù ti wúwo sí mu, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ fún ọjọ́ 8, wọ́n sì wo iye rẹ̀ tí ó kù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Táíwò àti Kẹ́hìndé tí wọ́n ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá, bí wọn kò bá ti lo oògùn mìíràn mọ́ ọn, ohun tí a bá lára ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti èkejì dọ́gba. Àwọn tí wọ́n ti inú ẹyin méjì wá kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a jogún ni ó fa ìyàtọ̀ náà.

Inú ẹ̀dọ̀ ni ara ti ń ṣiṣẹ́ lórí oògùn jù. Níbẹ̀ ni àwọn ẹ́ńsáìmù tí à ń pè ní CYP2D6 àti CYP2C19 ti ń tú oògùn ká kí ara tó gbé e dànù, jíìnì tí bàbá àti ìyá fún wa ni ó sì ń pinnu bí wọn yóò ti yá tó. Ìka kò dọ́gba: ẹni tí tirẹ̀ ń falẹ̀, oògùn á kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ẹni tí tirẹ̀ yá àyájù, nítorí pé ẹ̀dà jíìnì náà pọ̀ lára rẹ̀, oògùn á ti tán kí ó tó ràn án. Irú àwọn ayárakánkán yìí tó bí 29 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Ethiopia tí a yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ju 1 sí 2 lọ ní Swídìn. Ẹ̀yà CYP2D6 mìíràn tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà a sì máa fà sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi àwọ̀ ara nìkan díwọ̀n oògùn fún wa ti ṣìnà.

Àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà ti ní kí ẹni tí CYP2C19 rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ má ṣe lo citalopram, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mìíràn, ju mílígíráàmù 20 lọ lóòjọ́. Síbẹ̀, àyẹ̀wò jíìnì kì í sọ oògùn tí yóò wo ènìyàn sàn. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára àwọn ajagunfẹ̀yìntì tí ó lé ní 1,900 ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2022, àǹfààní díẹ̀ ni wọ́n rí, kò sì fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́ nígbà tí ó pé ọ̀sẹ̀ 24. Ẹni tí oògùn bá ń yọ lẹ́nu, kí ó sọ fún dókítà rẹ̀, kí ó má sì dá a dúró lójijì, nítorí àìsàn mìíràn lè tibẹ̀ yọ. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń dín in kù.