Ṣé O Mọ̀? Bọ́ọ̀lù Bowling Tó Ń Dán Lè Kọ̀ Láti Yà

Òróró ni wọ́n ń fi pa apá iwájú pákó bowling, ojú kì í sì í fẹ́ẹ́ rí i. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi sáńpépà nọ́ńbà 500 ha tètè máa ń di pákó mú. Èyí tó ń dán á yọ̀ jìnnà kó tó yà.

Ihò ìka ńkọ́? Kókó tó wà nínú bọ́ọ̀lù kì í sábà rí roboto, àmì kékeré tó wà lára bọ́ọ̀lù ló ń fi orí kókó náà hàn. Bí ihò ṣe jìnnà sí àmì yìí wà lára ohun tó ń pinnu bí bọ́ọ̀lù á ṣe yà tó. Láti 2020, USBC, àjọ tó ń bójú tó eré bowling ní Amẹ́ríkà, ti fòfin de ihò tí a kò ki ìka bọ̀.

Sáńpépà ṣeé tún fi ha. Ihò kò rọrùn láti dí. Nítorí náà, jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ lu ihò sí bọ́ọ̀lù rẹ kọ́kọ́ wo bí o ṣe ń jù ú.