Ta Ni Yóò Kọ́ Wọn Bí Wọ́n Ṣe Ń Dá Kẹ́kọ̀ọ́?

Kò sí olùkọ́ yunifásítì tó máa sọ pé òun ò fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè dá kẹ́kọ̀ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dìjà ni bóyá iṣẹ́ olùkọ́ ni láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìdáhùn tó wà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ni GST, ìyẹn kọ́ọ̀sì gbogboogbò tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe. Wọ́n á kó ọmọ ọdún kìíní rẹpẹtẹ sí gbọ̀ngàn kan, wọ́n á ṣàlàyé ilé ìkàwé fún wọn, wọ́n á sì ní kí wọ́n mú A, B, C tàbí D nínú ìdánwò. Ọmọ á há hándáàtì sórí, á sì yege. Tó bá wá di ọdún àṣekágbá, wọ́n á ní kó lọ wá àkòrí ìwádìí fúnra rẹ̀. Níbo ló ti fẹ́ rí i?

Àwọn kan ní fífà lọ́wọ́ ló ń sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ọ̀lẹ: "Àwa náà, ta ló kọ́ wa?" Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rántí pé nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1948, akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kò ju bí 100 lọ. Nígbà náà, olùkọ́ lè ka iṣẹ́ kálukú, kó sì bi í léèrè ohun tó kọ.

Èmi fara mọ́ àwọn tó ní ká máa fi wọ́n sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti dá ṣe é. Ọ̀gá aránṣọ kì í gbé aṣọ oníbàárà lé ọmọṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àgékù aṣọ ló máa kọ́kọ́ fún un. Olùkọ́ lè fún ọmọ ọdún kejì ní àpilẹ̀kọ olójú-ewé mẹ́rin, kó ní kó kọ ìbéèrè kan tí òǹkọ̀wé náà kò dáhùn. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀pọ̀ á kàn da gbólóhùn inú ìwé kọ, wọ́n á fi "kí ni" síwájú rẹ̀. Olùkọ́ á dá a padà, á fa ìlà sábẹ́ ibi tí wọ́n ti wò ó, á ní kí wọ́n tún un ṣe. Tó bá yá, ẹnìkan á béèrè pé, "Àwọn wo ni wọn ò fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò?" Kíláàsì á gbóná.

Àmọ́ máàkì ò gbe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdánwò ìparí ló sábà máa ń kó 60 tàbí 70 nínú 100, ohun tó wà nínú hándáàtì ni wọ́n sì ń béèrè níbẹ̀. Olùkọ́ pẹ̀lú, ìwádìí tó bá tẹ̀ jáde ni wọ́n fi ń gbé e ga, kì í ṣe wákàtí tó fi ń dá iṣẹ́ padà. Síbẹ̀, àyè wà láti tún un ṣe: ìlànà tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà, gbé jáde lọ́dún 2022 fi ìdá 30 nínú 100 ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti ṣètò fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ kọ́ọ̀sì mìíràn pẹ̀lú hándáàtì tirẹ̀ ni wọ́n tún kó síbẹ̀, ọmọ ọdún àṣekágbá á ṣì máa wá ẹni tó máa bá a kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀.