Òde Kékeré Ló Ń Dán Onílù Wò

Lónìí, òde kékeré la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ìsọmọlórúkọ, ìdána, tàbí àpèjọ ọjọ́ ọdún nínú àgbàlá ẹbí kan ní Ògbòórò. Kí ni onílù dùndún ń ṣe kó tó débẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òde ńlá ló nira jù. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lóde ńlá, gbohùngbohùn ń pariwo, dùùrù ń dún, bí onílù bá ṣe àṣìṣe, ariwo á bò ó. Nínú àgbàlá, bàbá àgbà tó jókòó síwájú onílù mọ oríkì ilé rẹ̀ dunjú. Bí ìlù bá ṣi ẹnì kan kì, gbogbo ilé ló gbọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí onílù ń tọ́jú ni awọ. Awọ ewúrẹ́ ló wà lójú méjèèjì ìyáàlù, ọsán ló so wọ́n pọ̀. Bí onílù bá fún ọsán mọ́ra, ohùn á lọ sókè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ṣùgbọ́n awọ ò fẹ́ràn omi. Lágbègbè Òkè-Ògùn, láti nǹkan bí oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá lòjò ń rọ̀. Lásìkò náà, awọ a máa fa ọ̀rinrin, a sì rọ̀. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń gbẹ, ó sì ń le. Ìdí nìyí tí onílù fi ń sá ìlù sóòrùn kí òde tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kó yá a níná díẹ̀ bí òòrùn ò bá sí. Gúdúgúdú ló nílò èyí jù, torí kò ṣeé fún bí ìyáàlù. Ohùn tó bá gbé dóde ni yóò lò.

Kí ló dé tí èyí fi ṣe pàtàkì? Ìlù ò ní ahọ́n; ohùn ọ̀rọ̀ ló ń gbé jáde. Ẹ wo "ọkọ", "aya" àti "ọmọ": ohùn àárín méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, lórí ìlù, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ tún wo "ọkọ́" tí a fi ń roko. Bí awọ bá rọ̀, tí ohùn òkè ò dókè mọ́, "ọkọ́" á di "ọkọ". Nítorí náà, onílù kì í gbára lé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Oríkì àti òwe táwọn ènìyàn ti mọ̀ ló ń lù, kí etí lè bá a parí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba kọ odindi ìwé lórí dùndún, tó jáde lọ́dún 1990. Ọ̀rọ̀ ìlù kì í ṣe eré lásán.

Ibẹ̀ niṣẹ́ kejì ti bẹ̀rẹ̀: ìwádìí. Onílù tó mọṣẹ́ á béèrè ṣáájú ọjọ́: ta ni bàbá ọkọ, ta ni ìyá ìyàwó, orílẹ̀ wo ni wọ́n? Oríkì ọmọ Ìkòyí kún fún ọ̀rọ̀ ogun; bí ẹ bá fi í ki ọmọ Òpómúléró, ẹ ti gba ilé onílé lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè? Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dágbére fáyé, kí ìlù má baà máa kí i bí ẹni tó wà láàyè?

Ẹ̀kẹta ni àdéhùn láàárín àwọn onílù fúnra wọn. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù ló ń gbé e ró. Wọ́n á fẹnu kò lórí ìlù tí wọn yóò fi wọlé, àmì tí wọn yóò fi dáwọ́ dúró, àti bí wọn yóò ṣe pín owó tí àwọn ènìyàn bá ná fún wọn. Ohun tí wọn ò bá sọ nílé lè dìjà lójú àlejò.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ pe onílù, ẹ tètè pè wọ́n. Ẹ kọ orúkọ àti orílẹ̀ àwọn àgbà yín fún wọn. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹ wá ibi gbígbẹ fún ìlù, kí ẹ tó wá àga fún ara yín. Ṣé ẹ rí i, àpọ́nlé tí ìlù yóò ṣe fún yín, ẹ̀yin náà lẹ ń pèsè rẹ̀ sílẹ̀.